Ìtàn Alùpùpù Bàbá Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ọ̀kan nínú àkísà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Alùpùpù ni, Yamaha DT 125, irú èyí tí a ṣe fún ọ̀nà oko àti ojú ọ̀nà olókùúta. Wolé-wolé ni bàbá mi nígbà ayé rẹ̀, ní agbègbè Òkè-Ògùn. Alùpùpù yìí ni ó fi ń wọ àwọn abúlé tí mọ́tò kò lè dé. Nígbà tí ó kú, tí àwọn ẹbí pé jọ, àbúrò rẹ̀ ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ tí mo ní, "Ẹ dákun, bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa lò ó." Wọ́n gbà fún mi. Kò pé oṣù kan tí mo fi bà á jẹ́.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ra epo bẹntiróòlù ní Ṣakí, mo rọ ọ́ kún táǹkì dẹ́nu, mo sì dorí kọ ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. N kò tíì rìn jìnnà tí ohùn ẹ̀rọ náà fi yí padà. Ó ń dún bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì dì gbagidi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè fún kílọ́ọ̀ṣì mọ́wọ́, igbó ni ǹ bá bá ara mi. Nígbà tí a tì í dé ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì, wọ́n tú orí rẹ̀, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n sì bi mí pé, "Ọmọ mi, ọ́ìlì mélòó ni o pò mọ́ epo yìí?" Mo ní, "Ọ́ìlì kẹ̀, bàbá?" Wọ́n mi orí. "Bàbá rẹ kò sọ fún ọ ni?" Ojú tì mí. Bàbá mi ì bá sọ fún mi bí mo bá béèrè. N kò béèrè ni.

Ìtìjú yìí ni ó sọ mí di òpìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè ni mo jẹ́, nítorí náà orúkọ ni mo kọ́kọ́ tọpa. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pe irú ẹ̀rọ yìí ní tú-sitiróòkù. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Zweitakt, ọ̀rọ̀ Takt yìí kan náà ni wọ́n sì ń lò nínú orin fún bí ìlù ṣe ń lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí èmi náà pè é ní ẹ̀rọ onílù-méjì. Nínú onílù-mẹ́rin, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù ìgboro lónìí, písítìn a gòkè, a sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó sán lẹ́ẹ̀kan. Nínú onílù-méjì, gbogbo ìgbà tí písítìn bá gòkè ni iná ń sán. Ihò ni wọ́n dá sí ara ògiri sìlíńdà, písítìn fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣí wọn tí ó ń dí wọn bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Epo àti afẹ́fẹ́ a kọ́kọ́ wọ inú yàrá kékeré tí ó wà lábẹ́ písítìn, kí wọ́n tó bọ́ sókè. Nítorí pé ibẹ̀ ni epo ń gbà kọjá, ọ́ìlì kò lè fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Dandan ni kí ó bá epo rìn. Bí epo bá dá wọlé, irin yóò máa ha irin, ooru yóò mú písítìn wú, yóò sì há. Ohun tí mo ṣe sí ogún bàbá mi nìyẹn.

Ta ni ó ronú kan irú nǹkan báyìí? Kì í ṣe ẹnì kan. Dugald Clerk, ọmọ ilẹ̀ Sìkótíláǹdì, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ onílù-méjì tirẹ̀ ní ọdún 1881, ṣùgbọ́n sìlíńdà kejì ni ó fi ń ti epo àti afẹ́fẹ́ wọlé. Joseph Day ti ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó yọ sìlíńdà kejì kúrò ní 1891, tí ó sọ abẹ́ písítìn di pọ́m̀pù. Frederick Cock, òṣìṣẹ́ rẹ̀, tún un ṣe síwájú sí i, tí ó fi jẹ́ pé písítìn nìkan ni ó ń ṣí ihò gbogbo. Báyìí ni ẹ̀rọ náà ṣe fúyẹ́ tó ohun tí a lè gbé sórí kẹ̀kẹ́.

Ní ìlú Zschopau ní Jámánì, Jørgen Skafte Rasmussen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, dá ilé iṣẹ́ DKW sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1930, kò sí ẹni tí ń ṣe alùpùpù tó wọn ní gbogbo ayé. Ní 1939 ni wọ́n gbé RT 125 jáde, alùpùpù kékeré tí Hermann Weber ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1945, àwọn aṣẹ́gun pín alùpùpù yìí bí ẹran ọdún. Àwọn ará Rọ́ṣíà tú ilé iṣẹ́ náà kó lọ, wọ́n sì ṣe tiwọn ní 1946. Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn ní 1947, BSA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe Bantam ní 1948.

Japan kò sí lára àwọn aṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó fi ojú jí i. Dùùrù ni ilé iṣẹ́ Yamaha kọ́kọ́ ń ṣe, láti ìgbà tí Torakusu Yamaha ti tún dùùrù ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe ní Hamamatsu ní 1887. Ní 1955 wọ́n ṣe alùpùpù wọn àkọ́kọ́, YA-1, RT 125 yìí ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nítorí pé pupa rẹ̀ rẹwà tí ara rẹ̀ sì tín-ín-rín, àwọn ará Japan sọ ọ́ ní Lámilámi Pupa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé fọ́ọ̀kì ìjẹun mẹ́ta ni ó wà nínú àmì ara táǹkì bàbá mi. Mo ti wá mọ̀ pé irin tí àwọn olórin ń lù láti mọ ohùn ni.

Zschopau kò tíì parí ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ wo sálẹ́ńsà alùpùpù náà bí ó ti wú láàárín bí ejò tí ó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì. Walter Kaaden ti ilé iṣẹ́ MZ ní ìlú yẹn ni ó sọ irú sálẹ́ńsà yìí di ohun ìjà nínú eré ìje. Ó fi ìró èéfín tí ó ń ta padà ti epo tútù tí ó fẹ́ sá jáde wọlé. Ní 1961, Ernst Degner tí ń bá wọn sáré sá kúrò ní Jámánì Ìlà-oòrùn, ó gbé ìmọ̀ náà lọ sí Suzuki, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún wọn ní 1962. Yamaha gbé DT-1 jáde ní 1968, alùpùpù onílù-méjì tí ó lè rin títì, tí ó sì lè wọ igbó. Lẹ́yìn èyí, Lucien Tilkens, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, mú àbá sípíríǹgì kan ṣoṣo fún ẹ̀yìn alùpùpù wá. Irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ìjókòó bàbá mi tí kò jẹ́ kí ọ̀nà Òkè-Ògùn ṣẹ́ ẹ ní ẹ̀yìn.

Bàbá mẹkáníìkì mú sìlíńdà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń gbẹ́ irin. Ihò tí ó jẹ́ 56 mílímítà tẹ́lẹ̀ di 56.5, a sì wá písítìn tí ó bá a mu. N kò ní tàn yín: alùpùpù náà ń rú èéfín, apá kan epo rẹ̀ a sì máa jáde láìjóná. Ìdí nìyí tí òfin nípa afẹ́fẹ́ fi lé irú rẹ̀ kúrò lójú títì ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. N kì í gùn ún kiri ìgboro. Ọ̀nà oko ni mo ń mú un lọ.

Ní ọjọ́ tí mo gbé e délé, ìyá mi ṣí àpótí wọn, wọ́n fún mi ní ìwé kékeré kan. Wọ́n ní, "Mo rò pé ìwọ kò fẹ́ mọ̀ ni." Ọwọ́ bàbá mi ni ó wà nínú rẹ̀. Ojú ìwé kìíní sọ pé: "Pọ́m̀pù ọ́ìlì ti gbó. N óò máa fi ọwọ́ pò ó. Epo lítà 5, ọ́ìlì ìgò 2." Ìgò òògùn ikọ́ tí ó gba 100 mílílítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ni ọ́ìlì ìwọ̀n kan sí epo ìwọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Láti ojú ìwé dé ojú ìwé, ọjọ́, orúkọ abúlé, lítà àti ìgò ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn ará Japan béèrè lọ́wọ́ irin Jámánì, irin sì dá wọn lóhùn. Èmi tí bàbá mi ní ẹnu, n kò béèrè. Bí tiyín bá ṣì wà láyé, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lónìí. Ní tèmi, mo mú bírò, mo kọ tèmi sábẹ́ ibi tí wọ́n parí sí: Ṣakí sí Àgọ́-Àrẹ, lítà 5, ìgò 2.