Bíṣọ́ọ̀bù Tó Fi Amọ̀ Kọ́ Kàtídírà

Ẹni tó bá ti parí káràkátà rẹ̀ ní Rood Woko, ọjà ńlá àárín ìlú Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, kò ní rìn pẹ́ kó tó kan ilé pupa ràgàjì kan tí ilé ìṣọ́ méjì dúró níwájú rẹ̀. Kàtídírà àwọn Àgùdà nìyẹn. Ẹni tó kọ́ ọ ni Joanny Thévenoud, ará Faransé tí wọ́n bí ní 1878, tó sì jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà títí ó fi kú ní 1949. Ọ̀rúndún ogún ló gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe àti agbára tó lò jọ ti bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn.

Ní Yúróòpù ayé ìgbà náà, bíṣọ́ọ̀bù kì í ṣe oníwàásù lásán. Ó ní ilẹ̀, ó ń dá ẹjọ́, ọba ń fetí sí i. Ẹ wo Maurice de Sully, ọmọ tálákà tó di bíṣọ́ọ̀bù Paris ní 1160. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Notre-Dame ní 1163. Ó kú ní 1196 láìrí òpin iṣẹ́ náà. Nígbà ayé rẹ̀ ni Póòpù Alexander Kẹta fi ẹsẹ̀ òfin kan múlẹ̀: bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti fi ẹnu ara wọn gbà, ìgbéyàwó ti so, yálà bàbá fẹ́ tàbí ó kọ̀. Kí ẹ má gbàgbé òfin yìí, a óò tún kàn án níwájú.

Nígbà tó yá, ìjọba Faransé gba irú agbára bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ. Òfin 1905 ya ìjọ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ìjọba. Àmọ́ ohun tí Faransé lé jáde nílé, ó fàyè gbà á ní àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso lẹ́yìn odi, níbi tí gómìnà kò ti ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Fàdá Funfun ni Thévenoud wọ̀. Lavigerie, àgbà bíṣọ́ọ̀bù Algiers, ló dá a sílẹ̀ ní 1868, ó sì ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa wọ ẹ̀wù funfun gbàgẹ̀rẹ̀ bíi ti Lárúbáwá, kí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kọ́rùn. Wọ́n dé Ouagadougou ní 1901. Thévenoud bá wọn níbẹ̀ ní 1903. Ní 1921, Róòmù sọ ilẹ̀ náà di àgbègbè ìjọ tó dá dúró, wọ́n sì fi òun ṣe bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kó tó joyè yìí ló ti rí i pé ìjọ tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ kò ní lówó. Àwọn sísítà aláṣọ funfun dé ní 1912. Nígbà tó fi máa di 1917, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Mọ́sì, ẹ̀yà tó ni ìlú náà, ń ran òwú, wọ́n ń ta kókó irun àgùntàn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí òfì, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Algeria, títí yóò fi di kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn òyìnbó ń rà. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ẹ má jẹ́ ká fi ìwàásù bò ó. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó bá wà níbẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ohun kan.

Ohun náà ni àṣà pughsiure. Láàárín àwọn Mọ́sì, ọba tàbí ìjòyè a máa fún ọkùnrin tó bá sìn ín dáadáa ní ìyàwó. Obìnrin náà bímọ tán, àkọ́bí rẹ̀ bó bá jẹ́ obìnrin, ti ààfin ni. Bí ọmọ náà bá dàgbà, ààfin ni yóò tún pinnu ẹni tí wọn yóò fà á lé lọ́wọ́. Ọ̀nà tí àwọn olóyè fi ń di èèyàn mọ́ra nìyí; ẹni tó bá fọwọ́ kan ìyàwó, ó fọwọ́ kan oyè. Ọmọbìnrin tó bá kọ̀ yóò sá lọ sọ́dọ̀ àwọn sísítà. Àwọn olóyè bínú, àwọn ajẹ́lẹ̀ Faransé náà ń kùn, torí nípasẹ̀ àwọn olóyè kan náà ni wọ́n fi ń gba owó orí, tí wọ́n sì ń kó èèyàn fún iṣẹ́ tipátipá.

Thévenoud kò yí padà. Òfin Alexander Kẹta ló dì mú: ẹnu obìnrin ló gbọ́dọ̀ gbà. Kì í ṣe nítorí àánú nìkan. Ó nílò ìyàwó onígbàgbọ́ fún àwọn ọmọkùnrin ìjọ rẹ̀. Síbẹ̀, òun àti àwọn sísítà wà lára àwọn tó ń pariwo ọ̀rọ̀ náà títí Faransé fi ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní òfin Mandel ní oṣù kẹfà 1939: ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 14, ọmọkùnrin tí kò tíì pé 16, kò gbọdọ̀ ṣègbéyàwó, ìgbéyàwó tí tọkọtaya kò bá fẹnu ara wọn gbà, asán ni. Ká sòótọ́, òfin orí ìwé pọ̀ ju èyí tó dé abúlé lọ.

Láàárín gbogbo èyí ni wọ́n kọ́ kàtídírà, láàárín 1934 sí 1936. Àkókò náà kò dára: Faransé ti tú ilẹ̀ Upper Volta, tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, ká ní 1932, wọ́n pín in fún Côte d'Ivoire, Sudan ti Faransé (Mali òde òní) àti Niger, Ouagadougou kì í ṣe olú ìlú mọ́. Nínú ìlú tí ìjọba fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù ti ń gbé ilé tó tóbi jù dìde. Bíríkì amọ̀ ló lò, irú amọ̀ tí àwọn Mọ́sì fi ń mọlé. Ilé ìṣọ́ méjèèjì kò parí, bí ti Notre-Dame náà kò ṣe ní ṣóńṣó orí títí dòní. Nígbà tí Moro Naba Saaga Kejì, ọba àwọn Mọ́sì, ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà, Thévenoud wà lẹ́yìn rẹ̀. Faransé dá ilẹ̀ náà padà ní 1947.

Ní ti àlùfáà, Thévenoud tètè ronú nípa àwọn ọmọ onílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ti Pabré bẹ̀rẹ̀ ní 1925, ti Koumi tẹ̀lé e ní 1935. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún 1942 ni Paul Zoungrana, ọmọ bíbí Ouagadougou, di àlùfáà. Ní 1956, Dieudonné Yougbaré di bíṣọ́ọ̀bù Koupéla, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nípò náà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti Faransé lásìkò tiwa. Zoungrana ní tirẹ̀ di àgbà bíṣọ́ọ̀bù Ouagadougou ní 1960. Póòpù John Kẹtàlélógún fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ lé e lórí ní Róòmù. Ní 1965 ó di kádínà, ọdún mọ́kànlá ṣáájú kí Ekandem tiwa ní Nàìjíríà tó dé ipò náà.

Àga kan náà ni, àmọ́ ayé ti yí. Zoungrana bá orílẹ̀-èdè olómìnira lò, kò bá gómìnà òyìnbó lò, kò sì sí bí ìjọ ṣe lè máa ṣe bí ìjọba kékeré mọ́. Ní 1969, nígbà tí owó tíṣà kò ká mọ́, àwọn bíṣọ́ọ̀bù kó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn lé ìjọba lọ́wọ́.