Ìfálẹ̀: Irin Ẹ̀yìn Katakata àti Orúkọ Tó Yẹ Ẹ́

Ọ̀nà oko ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀ léraléra, àgbàrá á la kòtò sí i láàárín, yangí á yọrí síta, ọkọ̀ tó wá kó ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì. Gírédà tí wọ́n fi ń la títì kì í sábà dé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ní katakata lè kó àjákù irin lọ bá wẹ́dà, kí wọ́n jọ ṣe irin kan tí katakata yóò máa wọ́ lẹ́yìn, tí yóò fá ibi tó ga, tí yóò sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ dí ibi tó jìn. Iṣẹ́ náà kò ju agbára wẹ́dà àdúgbò lọ. Orúkọ ló kù. Kí la fẹ́ máa pe irin yìí, kí la sì fẹ́ máa pe ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí yóò fi lè ka ìlànà rẹ̀ ní Yorùbá, kó sì ṣe é?

A kò bẹ̀rẹ̀ láti orí asán. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Lọ́dún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú rẹ̀. Ìdìpọ̀ kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní 1990. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Orúkọ irin kò sí nínú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, èrò tèmi sì ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá orúkọ irin sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró níbi tí wọ́n ti ń gé irin.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni katakata fi gba orúkọ rẹ̀, bí alùpùpù náà ṣe gba tirẹ̀. Etí máa ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i, orúkọ náà sì rọ̀ lẹ́nu tèwe tàgbà. Irin tí à ń wí yìí kò ní ariwo tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ la ó fi sọ ọ́ lórúkọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, grade, kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì rí ìdí tí a fi máa dà wọ́n pọ̀ torí pé ẹlòmíràn dà wọ́n pọ̀. Bí ilẹ̀ bá le, a kọ́kọ́ ní láti tú u. Eyín irin ló ń ṣe èyí. Lẹ́yìn náà ni a ó fá a: irin tó mú yóò gé ojú ilẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí abẹ ṣe ń fá orí. Erùpẹ̀ tó bá fá yóò kó jọ síwájú rẹ̀, yóò máa wọ́ ọ lọ. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jìn, erùpẹ̀ náà á ṣubú sí i, á dí i. Títẹ́ ló gbẹ̀yìn, kí ojú ilẹ̀ lè dọ́gba. Tú, fá, wọ́, dí, tẹ́: ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún wọ̀nyí ti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, kódà bí kò tíì fojú kan irin náà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ tó ń sáré máa ń dá ebè wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà eléruku, ebè kan, poro kan, ebè kan, poro kan, tí gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n rìrì. Bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ katakata pé kó tẹ́ ọ̀nà náà, yóò ha orí ebè sínú poro, yóò sì máa lọ. Láìpẹ́, erùpẹ̀ tó rọ̀ yẹn á fò kúrò nínú poro, ebè á sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún un ni pé kó fá a dé ìsàlẹ̀ poro, kó tó wá tẹ́ erùpẹ̀ náà padà, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá tutù díẹ̀ tí erùpẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra. Ebè àti poro jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀. Kò sí ohun tí a fẹ́ lọ yá níbẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún yìí, fá ni mo mú ṣe orúkọ. Bí irin náà kò bá fá nǹkan, kò ní erùpẹ̀ tí yóò wọ́, kò sì ní ohun tí yóò fi dí kòtò. Bí a ṣe mú gbá ilẹ̀ tí a fi rí ìgbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe mú fá ilẹ̀, tí a ó fi rí ìfálẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó bá mọ ìgbálẹ̀ á lóye ìfálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹnìkan lè takò mí pé falẹ̀ ti wà, pé ẹni tó ń fi nǹkan falẹ̀ ni ẹni tó ń fi nǹkan jáfara. Òótọ́ ni. Ohùn ló ya méjèèjì sọ́tọ̀: ti ìfálẹ̀ lọ sókè, ti falẹ̀ dúró sáàárín. Ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ náà ń gbé lẹ́nu àgbẹ̀ kan náà, kò sì dàrú mọ́ ọn lójú. Nínú ìwé, a ó fi àmì ohùn sí i. Mo ti wo àwọn orúkọ mìíràn. Ìtẹ́lẹ̀ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tí a tẹ́ sábẹ́ nǹkan ni. Bíléèdì, abẹ ìfárùngbọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í pè. Gírédà sì jẹ́ ti ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ rìn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ.

Oríṣi ìfálẹ̀ méjì ni wẹ́dà lè ṣe. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn, ó ní ìhà méjì, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó sì lè kó erùpẹ̀ púpọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan: èyí ni ìfálẹ̀ alápòótí. Èkejì kò ní ẹ̀yìn. Irin gígùn méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irin méjì tó mú sì dábùú láàárín wọn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn: èyí ni ìfálẹ̀ ẹlẹ́nu-méjì. Èyí tó bá wù kí ẹ ṣe, ó yẹ kó fẹ̀ tó ìta táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kó lè pa ojú ipa táyà rẹ́.

Mo pe irin tó mú ní ẹnu. Ara ènìyàn ni Yorùbá fi ń sọ ẹ̀yà ohun èlò: àdá ní ẹnu, ayùn ní eyín, ìgò ní ọrùn, ìkòkò ní ìdí. Nítorí náà, ẹnu ni ibi tó ń gé ilẹ̀, eyín ni àwọn ọ̀pá ṣóńṣó tó ń tú u, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni irin pẹlẹbẹ ọ̀tún àti òsì tí kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin gígùn tí ẹlẹ́nu-méjì fi ń tẹ ilẹ̀ ni mo pè ní àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo ọgbọ́n irin náà sì wà níbẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kúrú, á wọnú kòtò, ẹnu á sì bá a wọ̀ ọ́. Ohun tí ó yẹ kó tún ṣe ni yóò máa tẹ̀ lé. Bí ó bá gùn, á na ara rẹ̀ láti orí ibi gíga kan dé òmíràn, ẹnu á sì dúró lókè kòtò títí erùpẹ̀ á fi kún un.

Ẹnu fẹ́ ìtọ́jú. Irin lásán tí wẹ́dà fi ń ṣe géètì á jẹ tán kíákíá lórí yangí. Àlòkù ẹnu gírédà ló dára jù. Bí kò bá sí, sípíríìnì pẹlẹbẹ ti tírélà ṣeé lò. Àwọn irin méjèèjì le gan-an nítorí kábọ́ọ̀nù tó wà nínú wọn, líle yìí náà ló sì ń fa wàhálà: bí wẹ́dà bá kàn jó o mọ́ ara ìfálẹ̀ ní tútù, ó lè sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó. Bóòtì ni kí ẹ fi dè é. Ẹnu gírédà ti ní ihò tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, orí bóòtì rẹ̀ sì máa ń wọ inú ihò náà tí erùpẹ̀ kò fi ní kọ́ ọ. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ, ẹ ó tú u, ẹ ó yí i padà, ẹ ó tún un dè. Nínú ìlànà tí a bá kọ, ẹ jẹ́ kí jó àti dè dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹni tó bá jó ohun tó yẹ kó dè ti ba irin jẹ́.

Ó ku bí a ó ṣe so ó mọ́ katakata. Láyé àtijọ́, ṣéènì tàbí irin kan ni wọ́n fi ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá kọ́ gbòǹgbò, iwájú katakata lè dìde kó sì dojú dé awakọ̀. Harry Ferguson, ọmọ Áílàǹdì, ló ṣe ọ̀nà ìsomọ́ tí ayé ń lò lónìí, tó gba ibi mẹ́ta di ohun èlò mú. Katakata Ford 9N ti ọdún 1939 ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Orúkọ Ferguson yìí ló wà lára katakata Massey Ferguson. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, three-point hitch, ka ibi mẹ́ta náà bákan náà. Mi ò rò pé ó yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn kò bára mu. Méjì ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìfálẹ̀ sókè, apá ni wọ́n. Èyí tó wà lókè kì í gbé nǹkan kan. Gígùn rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ìfálẹ̀ yóò kọjú sí. Ọ̀pá òkè ni mo pè é. Ìjánu ì bá dára, ṣùgbọ́n bíréèkì ti gbà á. Bí ẹ bá yí ọ̀pá òkè kúrú, iwájú ìfálẹ̀ alápòótí á tẹ̀ sísàlẹ̀, eyín á sì wọlẹ̀. Bí ẹ bá yí i gùn, ẹ̀yìn á tẹ̀ sísàlẹ̀, á sì máa tẹ́ ilẹ̀.

Ibi tí ọ̀pá òkè ti mú ìfálẹ̀ ni ọrùn. Fún katakata kékeré, tó wà ní ìsọ̀rí kìíní nínú ìwọ̀n ìsomọ́ yìí, ihò ọrùn máa ń ga ju ihò apá lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46. Pínnì ọ̀pá òkè jẹ́ mìlímítà 19, ti apá jẹ́ 22. Ní ìsọ̀rí kejì, pínnì wọn tó nǹkan bíi mìlímítà 25 àti 28. Ẹ wọn ti katakata yín kí ẹ tó gé irin. Pínnì, bóòtì, nọ́ọ̀tù, gìríìsì, táyà: gbogbo wọn ti di Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ wọ́n lẹ́nu.

Ìkìlọ̀ ni mo fẹ́ kí a kọ jù lọ, kí ọ̀rọ̀ ‘má ṣe’ sì máa wà níwájú rẹ̀ gbangba. Má ṣe fi ṣéènì wọ́ ẹrù láti ibi ọ̀pá òkè. Ìfà tó bá ga ju àárín táyà ẹ̀yìn lọ lè dojú katakata dé. Má ṣe wọ abẹ́ ìfálẹ̀ tí apá gbé sókè. Epo ló gbé e dúró, bí rọ́bà epo bá sì bẹ́, á já lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà. Ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò dára, omi á dúró lórí rẹ̀. Àárín gbọ́dọ̀ ga, kó sì rọra dà sí etí méjèèjì, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 fún mítà kan. Ẹ̀yìn-ahun ni mo pe ìrísí yìí. Lára ọ̀pọ̀ katakata, ọwọ́ kan wà tí a fi ń gbé apá ọ̀tún sókè tàbí sọ̀ ọ́ sílẹ̀. Òun la fi ń tẹ ìfálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọ̀nà lè ní ẹ̀yìn-ahun.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò àgbẹ̀ lórí rédíò, ẹ gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ bá wẹ́dà àti awakọ̀ katakata àdúgbò yín. Èyí tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju tèmi lọ fún, ẹ gba tiwọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.