Odi Ìbíní àti Ọta Àgbá

Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé ni pé Ọba Ewuare, tí ó jọba ní Ìbíní ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni ó mọ odi tí ó yí àárín ìlú náà ká. Iya ni àwọn Ẹ̀dó ń pè é, odi àti yàrà lápapọ̀. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Graham Connah ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó rí i pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi lé ní mítà 17. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ láti inú yàrà ni wọ́n kó jọ di odi.

Èyí ni àwọn kan fi ń rò pé irú odi bẹ́ẹ̀ kò lè dúró níwájú àgbá. Èrò yìí kò fìdí múlẹ̀. Òkúta a máa sán bí ọta bá bà á. Ṣùgbọ́n hóró iyẹ̀pẹ̀ a máa fún mọ́ra, a sì máa ha ara wọn, títí agbára ọta yóò fi tán sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará Yúróòpù pàápàá fi yíjú sí odi oníyẹ̀pẹ̀ nígbà tí àgbá ti sọ odi olókùúta wọn di yẹpẹrẹ. Ní oṣù Èrèlé 1897, àwọn ọmọ ogun Harry Rawson gbé àgbá kéékèèké, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìbọn Maxim wá. Ojú ọ̀nà ni wọ́n gbà wọ ìlú ní ọjọ́ 18. Wọn kò fi ọta wó iya.

Kọ̀ǹpútà lè dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1964, Mark Wilkins ti Livermore ní Amẹ́ríkà tẹ ọ̀nà ìṣirò kan jáde tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀lé. A ó pín odi sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé, a ó sì ṣírò bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti èkejì, bóyá yóò padà sí ìrísí rẹ̀ tàbí yóò wà bẹ́ẹ̀, ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn òmíràn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwúwo iyẹ̀pẹ̀ náà, bí ó ti tutù tó, àti ẹrù tí ó lè rù kí ó tó yẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ìgbà ọyẹ́ kì í ṣe ti ìgbà òjò.

Ìjọba kéde odi náà ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1961, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń bu iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kọ́lé, wọ́n sì ń da ààtàn sínú yàrà. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti bù lọ, tí wọ́n sì tún tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbòmíràn, kò ní irú ìwúwo àtijọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìṣirò yìí gbọ́dọ̀ bu tirẹ̀ níbi tí iya ṣì dúró sí.