Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìró wọn bára mu, tí àkọtọ́ àti ìtumọ̀ wọn yàtọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí etí kò lè dá mọ̀ yàtọ̀, àfi ojú. “Write” ni kí èèyàn kọ̀wé, “right” ni ohun tó tọ́, “rite” sì ni ààtò ìsìn. Ìró kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Ẹ̀kẹrin wọn ni “wright”, tí wọ́n fi ń pe oníṣẹ́ ọwọ́ láyé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí “playwright”, ìyẹn òǹkọ̀wé eré onítàn, kò fi ní “write” nínú rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ló ń kọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí dààmú ẹnikẹ́ni. Nígbà kan rí, wọ́n máa ń pe “k” tó bẹ̀rẹ̀ “knight” jáde lẹ́nu, wọ́n sì máa ń pe “w” inú “write”. Bákan náà, “meat” tó jẹ́ ẹran àti “meet” tó jẹ́ pàdé kò jọra létí. Ọdún 1476 ni William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé ń so àkọtọ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn kò dúró lójú kan. Ìró yí padà, lẹ́tà kò kúrò níbi tó wà.

Òdìkejì èyí ni tiwa. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí à ń fi roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù: etí yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere, ẹni tó bá yọ àmì ohùn kúrò ló da ojú rú.

Àṣìṣe yìí máa ń ná èèyàn ní nǹkan. Ẹni tó ń wáṣẹ́ olùkọ́, tó kọ lẹ́tà sí “Principle” ilé ẹ̀kọ́, ìlànà ló kọ̀wé sí. “Principal” ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó sì kọ “Stationary” sára pátákó ìsọ̀ rẹ̀ ń sọ fún aráyé pé ìsọ̀ òun kì í rìn. “Stationery” ni ìwé, bírò àti àpò lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà tó ń yẹ àkọtọ́ wò lè má fọhùn, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì.

Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé àwa Yorùbá la sọ wọ́n di ìbejì. “Ship” tó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti “sheep” tó jẹ́ àgùntàn kò dún bákan náà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni “live” àti “leave”, “fan” àti “van”, “tin” àti “thin”. Yorùbá kò ní “v”, kò ní “th”, oríṣi “i” kan ṣoṣo ló sì fi ń dípò méjì ti Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá so “ship” pọ̀ mọ́ “sheep” nínú ìdánwò ìró Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù máàkì. Bákan náà ni èyí tó kọ̀ láti so “sea” mọ́ “see” nítorí pé lẹ́tà wọn yàtọ̀.

Kí òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé má ṣe kó gbogbo wọn lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó mú méjì, kí ó wá àmì fún un: “ear”, ìyẹn etí, wà nínú “hear” tó jẹ́ gbọ́, “here”, ìyẹn ibí, sì wà nínú “there” tó jẹ́ ibẹ̀. “Stationery” ní “e” bíi ti “envelope” tí à ń ki lẹ́tà bọ̀.