Ihò Àtijọ́, Okùn Tuntun

Ẹni tí ó bá ń rìn kiri ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fi bàtà tẹ ọmọrí irin kan ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, kò lè mọ̀ pé ogún tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti torí rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ ni òun gbẹ́sẹ̀ lé yẹn. Lábẹ́ ọmọrí náà ni ihò wà, tí wọ́n ń fi amọ̀ sísun ṣe láyé ijọ́un kí ó tó di oníke, inú rẹ̀ ni okùn tẹlifóònù ń gbà. Níbi tí ihò kò bá sì dé, òpó igi ni ó ń ru okùn wọlé onílé, òpó adúró-má-jókòó, tí òjò ń pa, tí yìnyín ń bọ́ lé lórí, tí kò fi ìgbà kan bẹ̀bẹ̀ ìsinmi.

Ní ọdún 1912 ni Ilé Ìfìwéránṣẹ́ ìjọba gba tẹlifóònù Ìlú Ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sí ìkáwọ́ rẹ̀. Fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún, kò sí ẹni tí ó béèrè ẹni tí ó ni ihò, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ní ń bẹ lọ́jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ta ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì BT, ilé-iṣẹ́ tí ó jogún tẹlifóònù lọ́wọ́ Ilé Ìfìwéránṣẹ́, fún aráàlú ní ọdún 1984, ogún náà bá ọjà lọ, tihò tòpó.

Mercury, tí ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1982 láti bá BT díje, ní láti wá ọ̀nà tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà, London Hydraulic Power Company, tí ó ti ń fi páìpù irin pín omi alágbára káàkiri abẹ́ ìlú láti àwọn ọdún 1880, omi tí ń gbé ẹ̀rọ agbéniròkè àti aṣọ ìkélé tíátà sókè, tí ó sì dákẹ́ ní ọdún 1977. Páìpù òfìfo wọ̀nyí ni Mercury rà tí ó fi okùn fáíbà gba inú wọn: ibi tí odò ti gbẹ ni ó sọ di ọ̀nà.

Ní ọdún 2010 ni Ofcom, aláṣẹ ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, pàṣẹ pé kí BT ṣí ihò àti òpó rẹ̀ sílẹ̀ fún abánidíje tí ó bá sanwó. Àṣẹ yá, iṣẹ́ kò yá. Òṣìṣẹ́ abánidíje yóò ṣí ọmọrí, yóò fi ẹ̀rọ wò bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà níbẹ̀, yóò fa omi òjò jáde, yóò ti ọ̀pá gígùn bọ ihò, ọ̀pá yóò sì kọ́ lójijì níbi tí amọ̀ ti wó. Ta ni yóò fi ọkọ́ ara rẹ̀ ro ọ̀nà oko ẹni tí ń bá a du ọjà? Nítorí èyí ni Ofcom fi tún sọ ní ọdún 2018 pé kí Openreach, apá BT tí ń tọ́jú ihò, máa tún ibi tí ó bá dí ṣe.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láìfara kan ra. Ṣùgbọ́n abẹ́ títì kì í ṣe ojú ọ̀run. Ọ̀nà odò kan náà ni gbogbo apọnmi ń tọ̀. Agbè wọn ni ó yàtọ̀.