Ọ̀nà Ni Ó Ń Ṣáájú Ọkọ̀: Ọkọ̀ Tí Ń Wa Ara Rẹ̀ àti Títì Ìyànà Ìyẹsí

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ǹjẹ́ ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀, tàbí èyí tí ń fò, lè wúlò ní Ìyànà Ìyẹsí, lórí títì tí ó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò? Ọgbọ́n inú ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò. Èrò tiwa ni pé ìtàn ọ̀nà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí a ṣe ní 1906, ni a sábà máa ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Títì Ìdí-Ìrókò náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, 1972, apá òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Dàhòmì, tí í ṣe orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ẹni tí ó bá kọjá ibodè ní láti pààrọ̀ apá. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà yí padà. Òfin ni ó ṣe é, kì í ṣe mọ́tò tuntun.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ gbójú lé. Ní 2004, ọkọ̀ 15 díje ní aṣálẹ̀ Mojave ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kankan kò dé òpin. Ní 2005, márùn-ún dé e. Ní 2020, Waymo ń fi ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ gbé èrò ní Phoenix, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí a ti ya àwòrán rẹ̀ fínnífínní. Ní Ìyànà Ìyẹsí, igbe kọ̀ńdọ́ àti ọwọ́ tí awakọ̀ nà síta wà lára àmì ọ̀nà. Ènìyàn ń kà wọ́n. Ó ṣòro fún ẹ̀rọ.

Ní ti èyí tí ń fò, Aerocar tí Moulton Taylor ṣe fò ní 1949, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1956. Síbẹ̀ iye tí a ṣe kò pé mẹ́wàá. Ohun tí ó ń mú ọkọ̀ lágbára lórí títì ni ó ń mú un wúwo lójú òfúrufú.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ yóò bá wúlò ní Ọ̀tà, inú ọgbà ilé-iṣẹ́ tí ó ní odi, níbi tí òfin kan ṣoṣo wà, ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó jáde sí títì, a ní láti kun ìlà, kí a tan iná ìdarí ọkọ̀, kí a sì pa òfin mọ́. Àwọn awakọ̀ wa ti òní yóò jàǹfààní gbogbo ìwọ̀nyí, bí ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ dé.