Bí a ṣe ń dá oríṣi làpálàpá mọ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù

Ọmọ iléèwé tí làpálàpá bò lórí ní Mowé, Ìbàfò tàbí Ìfọ̀, orúkọ kan náà la ń pe àìsàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fà á ju ẹyọ kan lọ. Òmíràn ń ti ara ọmọ ràn mọ́ ọmọ, pàápàá bí kílípà onígbàjámọ̀ kan náà bá kan orí wọn. Òmíràn wá láti ara ajá àti ológbò. Inú ilẹ̀ lòmíràn ń gbé.

Ní Berlin lọ́dún 1837, Robert Remak rí okùn tín-ín-rín nínú èépá orí aláìsàn. Johann Schönlein ló sọ ní 1839 pé ohun alààyè ni, ìbátan èébu. Láàrin 1841 sí 1844, David Gruby ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Paris: ó fi hàn pé ó ń ràn, ó sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Microsporum audouinii. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi ka iṣẹ́ rẹ̀ sí, títí Raymond Sabouraud fi gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1910. Ní 1934, Chester Emmons kó gbogbo wọn sí ìdílé mẹ́ta: Trichophyton, Microsporum àti Epidermophyton. Ìrísí irúgbìn wọn ló wò, kì í ṣe ìrísí egbò. Lójú tèmi, ìgbésẹ̀ yìí ló tóbi jù.

Èyí tó kan Áfíríkà gan-an ni Trichophyton soudanense, tí Charles Joyeux fún lórúkọ ní 1912. Ẹ̀ka okùn rẹ̀ a máa tẹ̀ padà sẹ́yìn. Inú irun ni irúgbìn rẹ̀ ń wà, irun a sì kán mọ́ orí, a ku tóótòòtó dúdú. Ẹ̀yìn irun ni ti M. audouinii ń bò. Èyí tó ń da ojú rú ni M. canis, ti ajá àti ológbò. Irúgbìn ńlá rẹ̀ pọ̀, ara wọn nípọn, ó sì rí ṣákaṣàka. Audouinii kì í sábà ní irú rẹ̀. Bí ojú kò bá lè dá wọn mọ̀, wọ́n a gbìn wọ́n sórí ìrẹsì tí a sè: canis a hù dáadáa, audouinii a kàn sọ ìrẹsì di pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń rí i pé fọ́ńgọ́ọ̀sì wà nínú èépá. Kí a tó mọ irú tó jẹ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń họra kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ìpara alápapọ̀ ló ń rà ní kẹ́mísì. Sítẹ́rọ́ọ̀dù inú rẹ̀ a mú kí ara yé yún, a pa etí òrùka làpálàpá rẹ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì a sì máa tàn lọ. Ìpara nìkan kò tilẹ̀ wo ti orí; oògùn tí a ń gbé mì ló ń wò ó. Terbinafine ló máa ń ṣiṣẹ́ jù fún Trichophyton, griseofulvin sì sàn fún Microsporum. Dókítà tí kò mọ èyí tó wà lórí ọmọ náà lè fún un ní èyí tí kò bá a mu.